Ọ̀dà Àti Aró

Ibi kíkà: Esekieli 13:10-15, 1 Samueli 16:7, Jakọbu 5:16

  

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń bi wá pé níbo ni gìtá dúdú tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń ta lọ́jọ́ Ìsinmi wọlé sí. Kò sọnù, ẹnikẹ́ni kò sì jí i. Ó wà nínú gáréèjì ọ̀kan nínú wa, wọ́n fi wáyà so ó kọ́ sí òkè bí ẹran tí alápatà so kọ́, ó ń gbẹ. Ohun tí ojú wa rí nídìí gìtá yìí ni a fẹ́ fi ṣe ìwàásù oṣù yìí, nítorí Ọlọ́run bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn létí wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ igi kò kan ìwàásù, kí ó lọ ka Eksodu 31. Nígbà tí Ọlọ́run yan Besaleli, tí ó sì fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún un, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó torí rẹ̀ fi kún un, igi fífín sì wà nínú rẹ̀. Olúwa wa fúnra rẹ̀, káfíńtà ni àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Gìtá náà kì í ṣe tuntun nígbà tí a rà á. Ọ̀dà dúdú tó nípọn ni wọ́n fi kùn ún, ọ̀dà náà sì ti ń bó kúrò létí rẹ̀ bí èèpo. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a ra òmíràn. Àwọn mìíràn ní kí a kàn wá ọ̀dà dúdú, kí a fi kùn ún lórí ti tẹ́lẹ̀, kí ó lè bójú mu kí Ìkórè tó dé. Ìmọ̀ràn kejì yìí ni àwa fara mọ́, nítorí kò gba owó, kò sì gba àkókò. Àwọn ọ̀dọ́ ló kọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bó ọ̀dà náà kúrò títí dé orí igi, kí àwọn sì pa igi náà láró, irú aró tí àwọn káfíńtà ń pè ní sítéènì.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìyàtọ̀ ọ̀dà àti aró, nítorí ibẹ̀ ni ìwàásù yìí wà. Ọ̀dà máa ń jókòó sórí igi ni. Aró ń wọnú igi lọ. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ dàgbà ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo, ẹ mọ ohun tí à ń sọ. Bí ẹ bá ti aṣọ bọ inú ìkòkò aró, aró kì í bo òwú aṣọ náà mọ́lẹ̀, ó ń bá a ṣe ọ̀kan ni. Aṣọ tó nípọn kò pa ara rẹ̀ dà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi. Bí ẹ bá kùn ún lọ́dà, ìbáà jẹ́ igi iyebíye, ìbáà jẹ́ pákó àpótí tí wọ́n fi kó ọṣẹ wá, ojú kan náà ni wọn yóò ní. Pákó méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ pọ̀ ṣe ara gìtá, bí ọ̀dà bá sì ti wà lórí rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá wọ́n bára mu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa igi láró, gbogbo ìlà tó wà nínú rẹ̀ ni yóò jáde: ibi tí ẹ̀ka ti yọ, ibi tí igi ti yí ara padà wá oòrùn, títí kan ibi tó ti fara gbọgbẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ wa sọ ìtàn kan fún wa tí a wádìí, tí a sì rí i pé òótọ́ ni. Ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà gbé gìtá kan jáde lọ́dún 1952, wọ́n fi orúkọ olórin tí wọ́n ń pè ní Les Paul pè é. Àwọ̀ wúrà ni wọ́n fi kùn ojú rẹ̀. Igi maple wà lábẹ́ wúrà náà, ṣùgbọ́n ta ló rí i? Lọ́dún 1958 wọ́n pa wúrà náà tì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo aró pupa tó ń ṣá lọ sí àwọ̀ ìyeyè, tí ìlà igi ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Ọjà náà kò tà tó bí wọ́n ṣe rò. Nígbà tí ó di 1960, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì yí ìrísí gìtá náà padà. Lónìí, àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 1958 sí 1960 yìí ni àwọn tó mọ gìtá ń wá kiri, owó tí wọ́n ń ná lórí wọn sì ju ti oníwúrà lọ fíìfíì. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ yóò ní wúrà ló yẹ kó wọ́n jù.

A tú okùn gìtá wa, a tú ọrùn rẹ̀, a tú gbogbo wáyà inú rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀dà. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ni a lò, pẹ̀lú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ. Ọjọ́ Sátidé méjì gbáko ni ó gbà wá. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ le bí awo. Nígbà tí ó ṣí tán, igi pupa rẹ́súrẹ́sú ni ó wà lábẹ́. Bàbá wa kan wà láàárín wa tó ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé igi náà súnmọ́ imú, wọ́n fi èékánná ha á, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọ̀gànwó rèé."

Ọ̀gànwó ni igi tí àwọn òyìnbó ń pè ní mahogany ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló sì fi ń ṣe gìtá. Ó ń hù ní Kóòdù Divúà, ní Gánà, ní Nàìjíríà, títí dé Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù, nítorí náà a kò lè búra pé igbó wa ni èyí ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín dákẹ́. Láti ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń ta gìtá yìí, wọn kò sì mọ̀ pé igi tí ó ṣeé ṣe kí bàbá àgbà wọn fi kan ilẹ̀kùn ni àwọn ń gbé kọ́rùn.

Lẹ́yìn èyí ni sánpépà. Ẹ má ṣe fojú kéré apá yìí. Nọ́ńbà ni wọ́n ń fi pe sánpépà: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ó ṣe le tó. Ọgọ́rin, ìyẹn 80, ni a fi bẹ̀rẹ̀, a wá lo 120, lẹ́yìn náà 180, a sì fi 220 parí rẹ̀. A kì í fo ọ̀kan, nítorí iṣẹ́ èyí tó kàn ni láti pa ojú àpá tí èyí tó ṣáájú dá rẹ́. A kì í sì kọjá 220 lọ púpọ̀, nítorí bí ojú igi bá dán jù, aró kò ní rí ọ̀nà wọlé. Bàbá ní kí a fi àkísà ọ̀rinrin nu igi náà, kí irun ara rẹ̀ lè dìde, kí ó gbẹ, kí a tún fi sánpépà kúnná rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ìlà igi ni a gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. A kò gbọdọ̀ fi sánpépà gé ìlà kọjá.

Ó rẹ ọ̀kan nínú àwa àgbà lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi sánpépà yípo yípo kí ó lè tètè parí. Ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan. Ojú igi dán, ọwọ́ kò bá ìdíwọ́ pàdé. Nígbà tí a fi aró kàn án ni gbogbo àpá náà jáde, bí ìgbà tí ológbò bá ya ènìyàn. Aró kò dá àpá náà sílẹ̀, ó kàn fi í hàn ni. A padà sí 120.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán irú iṣẹ́ yìí wò nílé, ẹ kọ́kọ́ dán aró yín wò lára àjákù igi kan náà. Àwọ̀ tó wà lára agolo kọ́ ni ẹ ó rí. Etí ibi tí wọ́n ti gé igi máa ń mu aró ju ojú rẹ̀ lọ, yóò sì dúdú jù, nítorí náà ẹ fi sánpépà kúnná ibẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú nítorí eruku, ẹ ṣí fèrèsé. Àkísà ni ẹ ó fi pa á, kí ẹ sì tètè nu àṣẹ́kù kúrò.

Ìgbà tí a tún pa aró náà ni a wá rí ohun tó dá wa dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọrùn ti wọnú ara gìtá, àmì kan wà tó funfun, kò tó ẹyọ owó kan. Aró kò wọ̀ ọ́. A tún fi aró sí i, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ túbọ̀ dúdú, òun sì funfun síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bákan náà. Bàbá ní, "Ẹ má wulẹ̀ da aró nù mọ́. Gúlù ló wà níbẹ̀." Ẹnì kan ti lẹ igi náà níbi tó ti sán nígbà kan rí, gúlù ṣàn, ó wọnú igi, kò sì nù ún dáadáa. Ẹ̀yin aláàdìrẹ mọ èyí náà. Ibi tí ẹ bá fi ẹ̀kọ lílẹ̀ ya lára aṣọ, aró kì í débẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀yin mọ ibi tí ẹ ya ẹ̀kọ sí, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀.

A mú ọ̀bẹ, a bẹ̀rẹ̀ sí í ha gúlù náà jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ló dì í mú, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó ń ha á lọ jẹ́jẹ́, ó wá sọ láìgbé ojú sókè pé, "Bàbá, ilé wa náà ní gúlù."

A rẹ́rìn-ín. A rò pé àwàdà ni. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ó sọ fún wa lọ́jọ́ náà, òun àti àwọn òbí rẹ̀ ti yọ̀ǹda kí a kọ ọ́ síhìn-ín, bàbá rẹ̀ pàápàá ló ní kí a má ṣe yọ nǹkan kan kúrò. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá yìí láti oṣù mẹ́jọ. Kò sọ fún ẹnì kan. Láràárọ̀ ni ó ń wọ kóòtù, tí ó ń gbé báàgì, tí ó ń jáde nílé, tí ó sì ń lọ jókòó sí ilé ìkàwé títí di ìrọ̀lẹ́, kí ará ṣọ́ọ̀ṣì kankan má baà rí i nílé. Ìyá ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ọmọ yìí, tó wà nílé ẹ̀kọ́, ń di ẹrù ní ilé ìkẹ́rù-sí lóru Jímọ̀ àti lóru Sátidé, ó sì ń ti ibẹ̀ wá sílé ìsìn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Àṣẹ kan ṣoṣo ni wọ́n fún àwọn ọmọ inú ilé náà: ẹnikẹ́ni tó bá bi yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní dáadáa la wà.

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a dá ìwàásù dúró láti pe ọmọ yìí lórúkọ láàárín ìjọ nítorí pé ó ń sùn. A ní kí ó dìde dúró. A fi í ṣe àpẹẹrẹ ọ̀dọ́ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó dúró títí a fi parí ọ̀rọ̀ wa. Bàbá rẹ̀ jókòó sí ìlà kẹta, ó wọ agbádá, kò sọ ohunkóhun. Nígbà tí àkókò ọrẹ tó, ó jó wá síwájú bí gbogbo ènìyàn, ó sì fi owó sínú àpótí.

Owó tí ọmọ náà fi òru rẹ̀ wá ni.

Esekieli sọ nípa àwọn kan ní Ísírẹ́lì tí wọ́n ń kéde àlàáfíà níbi tí àlàáfíà kò sí. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá mọ ògiri tí kò lágbára, àwọn yìí ni yóò wá fi amọ̀ tí a kò pò dáadáa rẹ́ ẹ lójú kí ó lè dán. Ọlọ́run sọ pé òjò yóò rọ̀, ìjì yóò jà, ògiri náà yóò wó, Òun yóò sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó rẹ́ ẹ. Ẹ kíyè sí i. Ìbínú Ọlọ́run kò mọ lórí ògiri nìkan, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rẹ́ ògiri. Ìgbà púpọ̀ ni a ti ka ibí yìí, tí a sì rò pé àwọn wòlíì èké ti ayé àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Àwa ni. Ta ló kọ́ ìjọ yìí pé ẹ̀rí tí ó bá parí sí ayọ̀ nìkan ni a ń jẹ́ lórí pẹpẹ? Ta ló ń ka iye mọ́tò tuntun tí a fi òróró yà sí mímọ́ lọ́dún? Bí arákùnrin kan bá ní nǹkan le fún òun, a kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán tí a fi ń ní "Má sọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ Jésù." Ọ̀dà nìyẹn. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ kọ́kọ́ kùn ún, àwa tí a wà níwájú ni a gbé agolo rẹ̀ fún yín. Samueli pàápàá, wòlíì Ọlọ́run, gíga àti ìrísí Eliabu ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú, títí Olúwa fi sọ fún un pé ọkàn ni Òun ń wò.

A ti lọ sí ilé náà. Àwa mẹ́ta la lọ, a kò wọ aṣọ oyè. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú àwọn òbí rẹ̀, a sì ń tọrọ rẹ̀ níbí báyìí níwájú gbogbo ìjọ, nítorí níwájú gbogbo ìjọ ni a ti dójú tì í. Má bínú, ọmọ wa.

A mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ lọ́kàn. Ẹ ń sọ pé ṣé kí olúkúlùkù wá máa tú ilé rẹ̀ síta ni? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ìdílé tó sì mọ ohun tí ẹnu ayé ń ṣe kò jẹ̀bi bí ó bá pa ẹnu mọ́. Òótọ́ ni. Àwọn kan ti sọ ọ̀rọ̀ fún ará ìjọ rí lọ́jọ́ Wẹ́sidé, tí gbogbo Peckham sì ti gbọ́ ọ kí ó tó di ọjọ́ Ìsinmi. A kò ní díbọ́n pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láàárín wa.

Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí gìtá. Nígbà tí aró gbẹ, igi náà ṣú, ó rí pátápátá bí ẹni pé eeru bò ó. Ọkàn àwọn ọmọ bàjẹ́, tiwa náà bàjẹ́. Igi tí a pa láró kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: òógùn ọwọ́ yóò bà á jẹ́, omi yóò tó sí i, ìdọ̀tí yóò wọ̀ ọ́. Bàbá ṣí agolo fáníìṣì olóróró, èyí tí kò ní àwọ̀, wọ́n fi àkísà pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ìlà igi jí. Fáníìṣì bo igi bí ọ̀dà ṣe bò ó, àmọ́ ó ń bò ó kúrò lọ́wọ́ ìpalára, kò bò ó kúrò lójú wa. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Bí a bá gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa, a kò ní kí ó bá wa purọ́. Ìfẹ́ tí Peteru kọ̀wé nípa rẹ̀, èyí tó ń bo ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀ mọ́lẹ̀, irú ìbòrí bẹ́ẹ̀ ni. Jakọbu ní kí a jẹ́wọ́ fún ara wa, kí a sì gbàdúrà fún ara wa. Kò ní kí a jẹ́wọ́ fún gbogbo ọjà.

Nítorí náà, láti oṣù tó ń bọ̀, ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, àwa àgbà yóò máa jókòó nínú yàrá kékeré lẹ́yìn gbọ̀ngàn láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di ọ̀sán. Tíì yóò wà. Kò sí ìwé tí ẹ ó fi orúkọ sí, a kò sì ní kéde ẹni tó wá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ tàbí owó ilé, àpò kan wà tí a ti yà sọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, àwa kò ní gbà yín nímọ̀ràn, nítorí òfin ọdún 1999 ní ilẹ̀ yìí kò fàyè gba ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ó tẹ̀ lé yín lọ sọ́dọ̀ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́. Bí àgbà kan nínú wa bá sì gbé ọ̀rọ̀ yín jáde, ẹ wá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Yóò kúrò nípò, a ti fọwọ́ sí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí gìtá. Ẹ̀yin tí ẹ ó lo òróró linseed tàbí fáníìṣì olóróró nílé, ẹ má ṣe ká àkísà rẹ̀ jọ sínú garawa tàbí sínú báàgì ìdọ̀tí. Ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bí ó ṣe ń gbẹ, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gbẹ gbagidi.

Fáníìṣì mẹ́rin ni a ti pa báyìí, a sì fẹ́ fi gìtá náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó le dáadáa kí a tó so okùn rẹ̀ padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe lọ máa fọwọ́ kàn án wò. Àtàǹpàkò ẹnì kan ti wà lẹ́yìn rẹ̀ báyìí, a sì mọ ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ Ìkórè, bí ẹ bá jókòó níwájú, ẹ ó rí àmì funfun kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀. A ha gúlù náà títí dé ibi tí igi ti fẹ́ tín-ín-rín jù, ọmọ tó ń ha á sì ní kí a fi èyí tó kù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà ni yóò ta gìtá náà lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ti ní òun yóò wà ní ìlà kẹta.